‘Ṣẹ́gun’ àti ‘Kó’ nínú Ìtàn Ogun Ìbàdàn

‘Ṣẹ́’ àti ‘ogun’ ni ó para pọ̀ di ‘ṣẹ́gun’. Ẹni tí ó ṣẹ́gun ti ṣẹ́ agbára ogun ọ̀tá. Kò di dandan kí ó gba ìlú rẹ̀. Báyìí ni Ìbàdàn ṣe ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, síbẹ̀ Ìlọrin kò tú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1862, kíkó ni wọ́n kó Ìjàyè: ìlú náà tú pátápátá. Ní ti Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sí ẹni tí ó ṣẹ́gun. Àdéhùn 1886 ni ó là wọ́n, àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká pátápátá títí di 1893. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ Mápó tàbí Bẹẹrẹ ní ìtàn wọ̀nyí kò gbọdọ̀ fi ‘ṣẹ́gun’ nìkan sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.