Ohùn Darandaran Nínú Ìwé Bíṣọ́ọ̀bù: Lórí Ṣíṣe Ìwádìí Ìtàn Yúróòpù Lẹ́yìn Oyè Àkọ́kọ́

Ẹni tó bá gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìtàn Yúróòpù ti mọ ọba tó jẹ, ó ti mọ ogun tó jà. Á ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Paris lọ́dún 1789 fún ọ láìwo ìwé. Bó bá padà wá fún oyè kejì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé, ìbéèrè tí yóò máa pàdé yàtọ̀: ta ló kọ ìwé tí o gbójú lé yìí? Èdè wo ló fi kọ ọ́? Kí ló ń wá tó fi kọ ọ́, ta ló sì tọ́jú rẹ̀ títí ó fi dé ọwọ́ rẹ? Èrò tèmi ni pé inú ìbéèrè wọ̀nyí gan-an ni iṣẹ́ náà wà, àti pé ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà láàrin ìtàn àtẹnudẹ́nu kì í ṣe àlejò níbẹ̀ tó bí àwọn kan ṣe ń rò.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé kan ṣoṣo. Láàrin ọdún 1318 sí 1325, Jacques Fournier, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Pamiers ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, jókòó láti wádìí àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ àdámọ̀ àwọn Cathar. Ìgbà 578 ni wọ́n jókòó fọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò. Àwọn kan lára wọn wá láti Montaillou, abúlé kékeré kan lórí òkè Pyrénées tí àwọn ará rẹ̀ tó bíi 250. Darandaran wà nínú wọn, opó sì wà níbẹ̀. Fournier di Póòpù Benedict Kejìlá ní 1334, ìwé ẹjọ́ rẹ̀ sì wà ní ilé ìkàwé Vatican di òní. Jean Duvernoy tẹ Látìn inú rẹ̀ jáde ní ìdìpọ̀ mẹ́ta ní 1965. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Emmanuel Le Roy Ladurie fi kọ ìwé tó sọ Montaillou di ìlú mọ̀ọ́ká.

Ìwé náà dùn, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. A rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń yọ iná orí fún ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. A rí Pierre Maury tó ń da àgùntàn gba orí òkè kọjá lọ sí apá Sípéènì, a sì gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin tó bá Béatrice de Planissoles ní àṣepọ̀. Ó dà bíi pé a fetí kọ́ ògiri ilé wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀fìn wà.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti rìn jìnnà kó tó wọ inú ìwé yẹn. Ẹlẹ́rìí fi èdè Occitan sọ ọ́ níwájú ọkùnrin tó lè jù ú sẹ́wọ̀n, tó sì lè fà á lé àwọn tí yóò dáná sun ún lọ́wọ́. Akọ̀wé gbà á sílẹ̀ ní ṣókí. Ó tò ó ní Látìn, ó sì sọ “mo” di “ó ní òun”. Wọ́n wá túmọ̀ rẹ̀ padà sí èdè ẹlẹ́rìí, wọ́n kà á sí i létí kó lè sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe wí. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó dà á kọ sórí awọ ẹran. Nígbà tó yá, Le Roy Ladurie dá “mo” padà sí wọn lẹ́nu ní ọ̀pọ̀ ibi, bí ẹni tó jókòó tì wọ́n. Leonard Boyle, àlùfáà Dominican tó jẹ́ àgbà nínú kíka ìwé àfọwọ́kọ ayé àtijọ́, bá a wí lórí bó ṣe lo ìwé ẹjọ́ yìí. Renato Rosaldo, tó ń ṣe ìwádìí àṣà àwọn ènìyàn, kọ ọ́ ní 1986 pé òpìtàn náà ti gbàgbé pé ìfìyàjẹni ló bí ìwé náà. Ẹ̀yìn àwọn alátakò yìí ni mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ẹni tí wọ́n ń bá wí ni mo máa ń ṣí nígbà tí mo bá fẹ́ gbádùn ara mi.

A máa ń wí pé agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ohun tó fi ń tan ni jẹ ni pé ìwé Fournier jọ èyí tó gbọ́ tẹnu èjèèjì. Ìbéèrè wà, ìdáhùn wà. Ọwọ́ kan náà ló sì kọ méjèèjì, ohun tí bíṣọ́ọ̀bù kò bá béèrè kì í sábà jáde.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ yóò ti béèrè irú nǹkan báyìí rí: ìtàn yìí, ta ló ń pa á, níwájú ta ni, kí ni ẹni tó ni ààfin sì fẹ́ gbọ́? Jan Vansina, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, tọ ọ̀nà yìí láti òdìkejì. Ìtàn Yúróòpù ayé àárín ló kọ́ ní Leuven kó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn Kuba ní Kóńgò, níbi tó ti rí i pé ohun tí wọ́n ń sọ fún òun ṣe é yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń yẹ ìwé àtijọ́ wò. Ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àtẹnudẹ́nu jáde ní 1961. Ọ̀nà tó gbà lọ yẹn ṣe é gbà padà. Ṣùgbọ́n kí a má sọ ọ́ di ọ̀kan náà o. Arọ́kin kì í sọ̀rọ̀ láti inú túbú, kò sì sí ẹni tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí kò gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tó bá ka ìwé Fournier bí ìtàn ìdílé yóò ṣì í kà bí Le Roy Ladurie.

Ọgbọ́n ìbéèrè yìí nìkan kò sì tó. Èdè ló ń yọ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ iṣẹ́, ìṣòro kejì sì ni ọwọ́ ìkọ̀wé. Ẹni tó gbọ́ èdè Jámánì dáadáa lè ṣí lẹ́tà tí wọ́n fi ọwọ́ Kurrent kọ, kó má mọ lẹ́tà méjì níbẹ̀. Àwọn ọmọ Jámánì òde òní pàápàá ní láti kọ́ ọ. Ọjọ́ tún ń dà wá rú. 25 oṣù Kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì títí di ọ̀rúndún kejìdínlógún. Venice ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bẹ́ orí Charles Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí àwa ń pè ní 30 oṣù Kìíní 1649, 1648 ni àwọn akọ̀wé ìgbà náà ń kọ. Ẹni tí kò mọ èyí lè fi lẹ́tà kan síwájú èyí tó ń dá lóhùn.

Àwọn kan ń béèrè pé kí ló kan ọmọ Ìbàdàn nínú abúlé Faransé ọdún 1320. Mo gbọ́, ìbéèrè náà kò burú. Ṣùgbọ́n Kenneth Dike, òpìtàn ọmọ Nàìjíríà tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní London ní 1950 lórí òwò àti ìṣèlú ní ẹnu odò Ọya, ní láti ka ìwé tí àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa àwọn ọba àti oníṣòwò tí kò fi ọwọ́ ara wọn kọ wọ́n. Ẹni tó ti mọ bí a ṣe ń ya ohùn darandaran kúrò lára ohùn bíṣọ́ọ̀bù yóò mọ ohun tó yẹ kó máa wá nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ èmi ni alábòójútó, Látìn ni n óò fi bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ Montaillou, ọdún kan gbáko, kí a tó sọ orí-ọ̀rọ̀. A ó ka ìdìpọ̀ Duvernoy pọ̀, nítorí èyí tó dé tòsí nìyẹn, a ó sì máa rántí pé àwọn onímọ̀ Látìn ti tọ́ka sí ibi tó ti ṣi ọ̀rọ̀ kà. Lẹ́yìn náà ni yóò mú ẹlẹ́rìí kan péré, yóò fa ilà sábẹ́ gbogbo “ó ní òun”, yóò sì kọ ìbéèrè tó ṣeé ṣe kí bíṣọ́ọ̀bù ti bi í sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.