Òkòtó, Ayò àti Àmì Ọrùn: Eré Ọmọdé Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí Ìtàn ní Kétu

1. Ìfáárà

Ohun ìṣeré tí mo fẹ́ràn jù lọ nígbà èwe mi kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Òkòtó ni. Bàbá mi àgbà gé ṣóńṣó ìkarahun ìgbín kan, wọ́n yún un lórí òkúta títí etí rẹ̀ fi tẹ́jú, wọ́n sì fún mi. Ìka méjì ni a fi ń ta á. Bí ó bá balẹ̀, yóò máa pòòyì lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí ó ní. Ọmọ tí òkòtó tirẹ̀ bá pẹ́ jù kí ó tó ṣubú ni ó jẹ.

Kétu ni mo ti dàgbà, ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé òmìnira 1960, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey. Nínú iṣẹ́ kékeré yìí, ohun tí mo rántí nípa eré ìgbà náà ni mo fẹ́ fi dáhùn ìbéèrè kan: kí ni a lè rí kọ́ nípa ìtàn èdè wa bí a bá tẹ́tí sí orúkọ eré, tí a sì tẹ́tí sí bí àwọn ọmọdé ṣe ń kà nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré? Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ eré wa ní ìpele mẹ́ta: èyí tí ó ti wà kí ààlà tó dé, èyí tí ó wọlé lẹ́yìn ààlà, àti èyí tí ilé-ìwé gbà lẹ́nu wa. Ìpele kẹta yìí ni ó dùn mí jù, nítorí pé mo lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

2. Ṣáájú ààlà àti lẹ́yìn rẹ̀

Ní ọdún 1886 ni ogun Dahomey fọ́ Kétu, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú lọ sí Abomey. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà. Ìlú Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó jẹ́ ará Kétu bákan náà, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn tí Faransé borí Dahomey ni àwọn tí a kó lẹ́rú rí ọ̀nà padà wálé láti tún ìlú tẹ̀ dó. Ìyá bàbá mi àgbà wà lára wọn. Ohun tí bàbá mi àgbà gbọ́ lẹ́nu wọn, tí wọ́n sì máa ń sọ fún wa, ni pé nígbà náà ilé kò sí, àwo kò sí, ṣùgbọ́n ìgbín wà nínú igbó. Nítorí náà òkòtó wà fún ọmọdé.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin kan ń gbé ní Ìmẹ̀kọ. Bí àwọn ọmọ wọn bá wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, kò sí ohun tí ó ń fa àríyànjiyàn nínú eré àtijọ́. Òkòtó ni òkòtó, ayò ni ayò, ọmọlángidi ni ọmọlángidi, bojúbojú ni bojúbojú. Ọ̀rọ̀ máa ń di ìjà nígbà tí a bá gbé eré tuntun jáde. Táyà ni wọ́n ń pe èyí tí ó ti gbó, tí a ń fi igi lé kiri àdúgbò. Pneu ni àwa ń pè é. Bọ́ọ̀lù ni àwọn ń gbá, ballon ni àwa ń gbá, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun kan náà ni gbogbo wa jọ ń fi ẹsẹ̀ gbá nínú erùpẹ̀. Wọ́n á ní èdè wa ti bàjẹ́, àwa náà á ní tiwọn ni ó bàjẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó mọ̀ pé àdéhùn 1889 ni a ń gbé kiri lẹ́nu.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè lè rí ìwọ̀n kan mú níbẹ̀. Bí orúkọ eré kan bá dọ́gba ní Kétu àti ní Ìmẹ̀kọ, ó ṣeé ṣe kí ó ti wà ṣáájú ààlà. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá mú orúkọ tirẹ̀ láti inú Faransé, tí èkejì mú tirẹ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yìn ààlà ni ó dé. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbàgbé pé orúkọ eré a máa rìn jìnnà fúnra rẹ̀. Ní Porto-Novo, tí àwa ń pè ní Àjàṣẹ́, níbi tí Yorùbá àti Gùn ti ń gbé pọ̀, eré kan náà ni Yorùbá ń pè ní ayò tí àwọn Gùn ń pè ní adji, gẹ́gẹ́ bí àwọn Fọ̀n ṣe ń pè é. Ní ọdún 1929, Melville Herskovits kọ̀wé nípa eré yìí kan náà láàárín àwọn ọmọ ẹrú tí ó sá lọ tẹ̀dó sínú igbó Suriname: adji-boto ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Orúkọ náà sọ ibi tí àwọn kan lára àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá.

3. Mẹ́rìnlélógún àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ayò ni bàbá mi àgbà fi kọ́ mi ní ìṣirò. Ojú ọpọ́n jẹ́ méjìlá, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ni a ń kó sí ojú kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 48. Bí a bá kọ ọ́ ní nọ́ńbà báyìí, kò sí ohun tí ó ṣàjèjì nínú rẹ̀. Ẹ wá sọ ọ́ lẹ́nu: méjìdínláàádọ́ta, ìyẹn àádọ́ta tí ó dín méjì. Kí a tó ta ọmọ ayò kan ṣoṣo, èdè ti sọ fún ọmọdé pé iye kan lè jẹ́ ohun tí ó ṣẹ́ kù bí a bá yọ díẹ̀ kúrò nínú iye tí ó jù ú lọ.

Bí eré bá parí, oníkálukú á ka ohun tí ó jẹ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rìnlélógún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀mì ni. Ẹni tí ó bá ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti borí. Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀. Láti ọ̀kanlélógún dé mẹ́rìnlélógún, orí ogún ni à ń lé iye sí. Tí a bá dé 25, a fi ogún sílẹ̀, a kọjú sí ọgbọ̀n, a sì ń yọ kúrò nínú rẹ̀: mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ọgbọ̀n tí ó dín márùn-ún. Ibi tí ọ̀mì ti ń di ìṣẹ́gun lórí ọpọ́n ni ìlé ti ń di ìdín lẹ́nu.

N kò sọ pé ẹni tí ó dá ayò sílẹ̀ ni ó pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kì í ka nọ́ńbà bíi tiwa náà ń ta á. Ohun tí mo ń sọ ni ohun tí etí mi gbọ́. Bàbá mi àgbà máa ń ka ọmọ ayò sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á rọra fa ohùn lórí mẹ́rìnlélógún. Bí ọ̀rọ̀ tí ó kàn bá yí padà, mo ti mọ̀ pé wọ́n ti nà mí. Ẹni tí ó bá ń sọ vingt-quatre, vingt-cinq yóò dé ibi kan náà, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ìyípadà kankan.

4. Àmì ọrùn

Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba Faransé ṣe ní 1924 fún àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sọ pé Faransé nìkan ni èdè ilé-ìwé, ó sì ka lílo èdè ìbílẹ̀ léèwọ̀ fún olùkọ́. Òmìnira kò mú àṣà náà kúrò ní ilé-ìwé tí mo lọ. Signal ni àwọn olùkọ́ ń pe ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ wa. Ní ilé-ìwé tiwa, ìkarahun ìgbín tí a so okùn mọ́ ni. Ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá ni a ó fi kọ́ lọ́rùn, kò sì ní bọ́ lọ́rùn rẹ̀ àfi bí ó bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ mìíràn. Ẹni tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí aago ìparí bá lù ni yóò jẹ ẹgba.

Ní ọjọ́ kan, láti àárọ̀ ni ó ti wà lọ́rùn mi. Nígbà tí a jáde fún ìsinmi, gbogbo ẹgbẹ́ mi sá fún mi, àfi ọ̀rẹ́ mi kan. Mo yọ òkòtó mi nínú àpò, mo fi Faransé sọ fún un pé kí ó mú tirẹ̀ wá. A ta á. Tèmi kọ́kọ́ ṣubú. Ó fò sókè, ó ní, “Tèmi ṣì ń yí!” Mo bọ́ ìkarahun náà, mo fi kọ́ ọ lọ́rùn.

Ẹgba mẹ́fà ni wọ́n nà án. Bí a ti ń lọ sílé, ohun kan ṣoṣo ni ó sọ fún mi: “Ìwọ ni o pè mí ṣeré.” A ò jọ ta òkòtó mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo ti kà nípa òfin ẹ̀kọ́ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹni pé olùkọ́ àti ìjọba nìkan ni ó mú un ṣẹ. Àwa ọmọdé ni ó ń ṣọ́ ara wa. Ibi ìṣeré sì ni ọwọ́ ti máa ń tẹ̀ wá, nítorí pé ọmọ lè ṣọ́ ẹnu rẹ̀ nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n ta ni ó lè ṣọ́ ẹnu rẹ̀ nígbà tí òkòtó rẹ̀ bá ń yí?

5. Ìkádìí

Nígbà tí mo ń múra iṣẹ́ yìí sílẹ̀, mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi yìí. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó ka orúkọ eré àti ọ̀rọ̀ eré tí ó bá rántí fún mi. Ó ka mẹ́rin, ó ní òun ti gbàgbé ìyókù. Mo gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀. Kí a tó parí, ó ti pe ojú ọpọ́n tí ọmọ ayò pọ̀ jọ sí ní odù, ó ti pe ara rẹ̀ ní ọ̀ta, ó sì ti sọ àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí èmi fúnra mi kò rántí mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé orí kíka ohun tí ó jẹ, Faransé ni ó fi kà á láti orí ẹyọ kan dé ìparí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nípa ọjọ́ yẹn. Ó ní òun rántí, ó sì tún ọpọ́n tò.

Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń lọ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ pé kí ẹ má ṣe mú ìwé ìbéèrè nìkan lọ. Ẹ gbé ọpọ́n lọ, ẹ mú òkòtó dání, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn àgbà ṣeré. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ títí dé ìgbà tí wọ́n bá ń ka ọmọ ayò wọn, nítorí pé ìkà ni ó kọ́kọ́ ń lọ.