Alárinà láàárín ATM àti kọ̀ǹpútà àgbà báǹkì

Bí oníbàárà báǹkì kan bá lo ATM báǹkì mìíràn ní Dọ̀pẹmú, ètò alárinà bíi ti Interswitch, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2002, ló ń gbé ìbéèrè rẹ̀ lọ bá kọ̀ǹpútà àgbà tí àkáǹtì rẹ̀ wà.

Àwọn onímọ̀ ní láti to nǹkan mẹ́rin fún alárinà: àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà náà, nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà, àti iye ìṣẹ́jú àáyá tí yóò fi dúró de èsì. Bí àkókò yìí bá gùn jù, èrò yóò pọ̀ nídìí ẹ̀rọ. Bó bá kúrú jù, owó lè kúrò ní àkáǹtì láì jáde lẹ́nu ATM. Alárinà gbọ́dọ̀ tètè fi àṣẹ ìdápadà ránṣẹ́.

Lọ́dún 2020, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ padà láàárín wákàtí 48.