Rọ́bà Kékeré Tó Ń Di Omi Mú: Ìtàn Pọ́ǹpù Préṣọ̀ Wọ́ṣà Wa



Lọ́dún tó kọjá, nílé adìyẹ wa ní Ìmọ̀ta, préṣọ̀ wọ́ṣà tí àwa mẹ́rin dáwó rà kò lágbára mọ́. Ẹ́ńjìnnì ń ké, omi ń jáde, àmọ́ kò lè ṣí ìgbẹ́ adìyẹ nílẹ̀. Mẹkáníìkì tá a kọ́kọ́ pè ní pọ́ǹpù ti kú, ká ra tuntun. A rà á. Nígbà tí ẹlòmíì tú èyí tó "kú" náà wò, rọ́bà mẹ́ta péré ló ti jẹ. Ó dùn wá gan-an, torí owó òròmọdìyẹ la ná. Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ sọ ìtàn rọ́bà yìí.

Ní ọdún 1795, Joseph Bramah, tó ń ṣe àgádágodo ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tó ń fi agbára omi tẹ nǹkan. Ìṣòro kan wà níbẹ̀: bí agbára omi bá ti pọ̀, omi á máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì jáde. Bí wọ́n bá sì fún ibẹ̀ le jù, písítìnì ò ní lè rìn. Ìtàn sọ pé Henry Maudslay, tó ń bá a ṣiṣẹ́, ló wá ojútùú rẹ̀. Awọ ló fi ṣe é, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ife. Bí omi ṣe ń tì í ni awọ náà ń fẹ̀, tó ń dí ọ̀nà pa. Omi fúnra rẹ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀! Ọmọ awọ yẹn ni rọ́bà inú pọ́ǹpù wa.

Ní ọdún 1950, Alfred Kärcher ṣe ẹ̀rọ tó ń fi omi gbígbóná alágbára fọ nǹkan ní Jámánì. Nígbà tó yá, àwọn oko ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú èyí tí ọ́ìlì katakata ń yí mọ́tò rẹ̀, tí mọ́tò sì ń yí pọ́ǹpù. Haidirọ́líìkì mọ́tò nìyẹn. Ọ̀nà Bramah náà ni, ọ́ìlì ló kàn rọ́pò omi.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹ rántí ọdún 2006, nígbà tí bird flu bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná, tó sì dé Èkó. Oògùn apakòkòrò kì í ràn dáadáa lórí ìgbẹ́. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ ilẹ̀ mọ́. Pọ́ǹpù tí ò lágbára, àìsàn ló ń fi sílẹ̀ de òròmọdìyẹ tuntun.

Torí náà, bí agbára bá lọ sílẹ̀:

1. Ẹ wo omi tó ń wọlé. Ṣé fílítà ò dí? Ṣé họ́ọ̀sì ò fa afẹ́fẹ́? Ṣé ẹnu tí omi ń gbà jáde ò ti fẹ̀ jù?

2. Bí họ́ọ̀sì bá ń gbọ̀n jìgìjìgì, ẹ tú fáàfù. Yanrìn lè ti há síbẹ̀.

3. Bí omi bá ń kán lábẹ́ pọ́ǹpù, tàbí ọ́ìlì rẹ̀ funfun bí ògì, rọ́bà ló ti jẹ.

4. Bí mọ́tò ọ́ìlì bá ń sáré lófìfo àmọ́ tó ń rọ nígbà iṣẹ́, ẹ wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó àti fílítà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú mọ́tò.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ sì tẹ ìbọn kí agbára tó ṣẹ́ kù jáde, kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun. Ẹ má fi ọwọ́ wá ibi tí ọ́ìlì ti ń jò o: ó lè gún awọ ara wọlé. Páálí ni kẹ́ ẹ fi wá a. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ pẹ́ láìtẹ ìbọn. Omi á gbóná nínú pọ́ǹpù, rọ́bà á bàjẹ́.

Ká tó sin pọ́ǹpù, ẹ jẹ́ ká tú u wò ná.