Òwú Bouaké àti Ilé-Iṣẹ́ Gonfreville

Nígbà tí ọ̀nà rélùwéè dé Bouaké ní ọdún 1912, àṣà kan ni àwọn ilé òwò Faransé ń tẹ̀ lé: kí a kó òwú tí a kò tíì ran lọ sí òkè òkun, kí a sì kó aṣọ padà wá tà. Ní ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Gómìnà Angoulvant bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú àgbẹ̀ gbin òwú.

Robert Gonfreville yà kúrò lójú ọ̀nà yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, ó dá ilé-iṣẹ́ ìrànwú àti ìhunṣọ sílẹ̀ ní Bouaké, nítòsí oko òwú gan-an.

Ohun tuntun ni lójú àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀. Lójú àwọn Baule ńkọ́? Àwọn ti ń ran òwú, wọ́n ń rẹ ẹ́ ní aró, wọ́n sì ń hun ún kí òyìnbó tó dé. Àwọn ahunṣọ ìbílẹ̀ tilẹ̀ sábà máa ń san owó tó ju ti ilé òwò lọ, òwú àgbẹ̀ sì ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Àṣà àwọn oníṣòwò nìkan ni Gonfreville dà. Ti ìjọba kò yẹ̀. Ọdún 1946 ni òfin tí Houphouët-Boigny gbé síwájú àwọn aṣòfin ní Paris tó fòpin sí iṣẹ́ tipátipá.