Wi-Fi zone: kí ló dé tí iye tí ẹ̀rọ ń kà kì í bá iye èèyàn mu?

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì 100 F, ẹ tẹ kóòdù rẹ̀, ẹ̀rọ ní ẹlòmíì ti wà lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ ń lò ó! Oníbàárà á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ, ẹni tó ń tà á á ní òun ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ká tó bẹ̀rẹ̀ ìjà ní Banigbé níbí, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ̀rọ náà ń kà.

Kì í ṣe èèyàn ló ń kà. Àdírẹ́ẹ̀sì MAC ló mọ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí fóònù kọ̀ọ̀kan fi ń wọ Wi-Fi. Ọ̀pọ̀ Wi-Fi zone ló ń lo àpótí MikroTik, ilé iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Latvia. Licence rẹ̀ ní ìpele: ìpele 4 gba 200 oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà, ìpele 5 gba 500, ìpele 6 ò ní òǹkà. Tí iye bá jẹ́ irọ́, onítíkẹ́ẹ̀tì lè lọ ra ìpele tí kò nílò.

Ohun tó ń da iye rú

1. Láti Android 10 (2019) àti iOS 14 (2020), ọ̀pọ̀ fóònù ń lo MAC àtọwọ́dá, ọ̀tọ̀ fún orúkọ Wi-Fi kọ̀ọ̀kan. Tí àpótí méjì bá ní orúkọ méjì, fóònù kan á di méjì.

2. Ẹni tó lọ láì jáde lórí ẹ̀rọ: orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí àkókò tí wọ́n fún un á fi pé. Ìdí nìyí tí tíkẹ́ẹ̀tì fi ń kọ̀ nígbà tí ẹ bá kúrò lábẹ́ àpótí kan lọ sábẹ́ èkejì.

3. Wíwo ibi tí kò yẹ. «Hosts» ń ka gbogbo fóònù tó kan Wi-Fi náà, kódà èyí tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì. «Active» ni ti àwọn tó wọlé lóòótọ́, òun sì ni licence ń kà.

Ohun tí ẹ lè ṣe

*Oníbàárà:* Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìjáde kẹ́ ẹ tó lọ. Tó bá ṣì ń kọ̀, lórí Android, ẹ ṣí Wi-Fi náà, ẹ wo «Confidentialité», kí ẹ yan MAC fóònù fúnra rẹ̀. Lórí iPhone, ẹ pa «Adresse Wi-Fi privée». MAC àtọwọ́dá kì í jẹ́ kí wọ́n máa tọpa yín, nítorí náà, Wi-Fi tí ẹ mọ olówó rẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti ṣe é.

*Onítíkẹ́ẹ̀tì:* Ẹ fún gbogbo àpótí yín ní orúkọ kan ṣoṣo. Nínú «User Profiles», ẹ fi «Keepalive Timeout» sí ìṣẹ́jú díẹ̀, kí orúkọ ẹni tó ti lọ lè kúrò kíá. Ẹ lọ sí «System», «License», kẹ́ ẹ mọ ìpele yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ka «Active» ní ìrọ̀lẹ́ tí èrò pọ̀. Tí kò bá súnmọ́ 200, ẹ fi owó yín sápò.