Bí a ó ṣe fi Yorùbá ròyìn Barry Sanders

Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Gbígbé ni wọ́n ń gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ ròyìn Barry Sanders, agbébọ́ọ̀lù nì, fún wa yóò kọ́kọ́ pa èdè àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tì. Èdè ogun àti ìjàkadì ló bá a mu.

Ilẹ̀ ni wọ́n ń jà sí. Ìgbà mẹ́rin ni ẹgbẹ́ kan lè gbìyànjú láti gba yáàdì mẹ́wàá; bí wọn kò bá rí i gbà, bọ́ọ̀lù di ti alátakò. Nítorí náà, “gba ilẹ̀” ni mo fara mọ́. Lẹ́yìn tí Sanders ti ṣe igbákejì Thurman Thomas ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oklahoma, ó gba ilẹ̀ yáàdì 2,628 nínú ìdíje 11 ní 1988, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Heisman, ti eléré kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ta yọ jù lọ. (Kí atẹ̀wé má ṣe fi àmì òkè lé “gba” lórí o, kó má sọ akọni di agbálẹ̀.)

Bí wọ́n bá mú un ńkọ́? “Wọ́n dá a,” bí àwọn oníjàkadì ti ń wí. Níbi ìjàkadì, ẹ̀yìn ló ń kanlẹ̀. Níhìn-ín, orúnkún ti tó. Ṣùgbọ́n òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì yàtọ̀ sí ti NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, bí ẹsẹ̀ agbébọ́ọ̀lù bá yọ̀ tí orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀, ó parí nìyẹn. Nínú NFL, bí alátakò kò bá fara kàn án, ó lè dìde kó máa sá lọ. “Dá” bá NFL mu. Ti kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ jẹ́ ká kúkú sọ pé orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀.

Dídá Sanders kò rọrùn. Ó máa ń yẹ̀: á fì sọ́tùn-ún, alátakò á rọ́ lu afẹ́fẹ́, òun á ti gba òsì lọ. Nígbà mìíràn á sá sẹ́yìn kó tó wá ọ̀nà iwájú, ilẹ̀ á sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Tó bá gbé bọ́ọ̀lù wọlé, rẹfirí ló ń dá a padà fún, kì í jó.

Ní 1989, Detroit Lions, ẹgbẹ́ NFL kan, ṣà á láti kọ́lẹ́ẹ̀jì; òun lẹni kẹta tí àwọn ẹgbẹ́ NFL ṣà lọ́dún náà. Nígbà tí sáà parí, yáàdì 10 péré ni Christian Okoye, ọmọ tí wọ́n bí ní Enugu, fi jù ú lọ: 1,480 sí 1,470. Nínú ìdíje tó kẹ́yìn sáà náà, Sanders ì bá padà wọ pápá lọ wá yáàdì tó kù, àmọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń borí, ó ní kò pọn dandan. Àlákálàá Nàìjíríà ni wọ́n ń pe Okoye ní Kansas City, níbi tó ti ń gbé bọ́ọ̀lù. Òun kì í yẹ̀ ní tirẹ̀, kíkọlù ni.

Ní oṣù Keje 1999, Sanders fi fáàsì ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn ìlú rẹ̀, Wichita, pé òun ti ṣíwọ́. Ó ku yáàdì 1,457 kó bá Walter Payton, ẹni tó gba ilẹ̀ jù lọ nínú ìtàn NFL nígbà náà, dọ́gba, ara rẹ̀ ṣì le, ọmọ ọdún 31 ni. N kò ní kọ pé ó fẹ̀yìn tì, bí ẹni ń sọ ti tísà tó ń retí owó ìfẹ̀yìntì. Ó pa bọ́ọ̀lù tì ni.